Ìsìláàmù ní òṣùwọ̀n: orúkọ òpó márùn-ún nìkan kò tó

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún ọ̀rọ̀ yìí.

Bí èèyàn bá béèrè pé kí ni Ìsìláàmù, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni pé òpó márùn-ún ló dúró lé: ìjẹ́rìí, ìrun kíkí, sàká yíyọ, ààwẹ̀ Ràmàdáànì àti Háàjì. Wọ́n á kà á wéréwéré bí ẹni ń ka orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó bùṣe. Kíkà náà ò lẹ́bi. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló kà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ni ní ilé kéwú mọ̀ pé ẹni tó mọ orúkọ òpó tí kò mọ òṣùwọ̀n rẹ̀ lè ṣe ẹ̀sìn fún ogún ọdún, kó má mọ̀ pé omi àlùwàlá ò kan gìgísẹ̀ òun dáadáa rí.

Ìgbàgbọ́ ló ṣáájú ìṣe. Nǹkan mẹ́fà ni Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ gbà gbọ́: Ọlọ́hun, àwọn mọ̀láíkà Rẹ̀, àwọn tírà (ìwé mímọ́) Rẹ̀, àwọn òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ọjọ́ Ìkẹyìn, àti kádàrá, ire rẹ̀ àti ibi rẹ̀. Ọlọ́hun jẹ́ Ọ̀kan ṣoṣo, kò bímọ, ẹnikẹ́ni ò sì bí I. Súrà (orí) 112 nínú Àlùkùránì, tí kò ju áyà (ẹsẹ) 4 lọ, ti sọ gbogbo èyí tán. Àlùkùránì fúnra rẹ̀ ní súrà 114, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ fún bí ọdún 23, láti ọdún 610 títí di 632 tí Ànábì papòdà. Orúkọ ànábì 25 ló wà nínú rẹ̀. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í ṣe Mùsùlùmí lẹ́nu pé Ànábì Ísá, ẹni tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń pè ní Jésù, wà lára wọn, àti pé Mùsùlùmí gbà pé wúńdíá ni Màríyámà nígbà tó bí i. Ohun tí a ò gbà ni pé ó jẹ́ ọmọ Ọlọ́hun. Ẹni tó bá sì kọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn ànábì, a kà á sí ẹni tó kọ gbogbo wọn.

Ìjẹ́rìí ò gùn: Lá iláha illa-llah, Muhammadu rasúlu-llah. Kò sí ohun tí ìjọsìn tọ́ sí lódodo àfi Ọlọ́hun, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni Muhammad. Ẹ kíyè sí i pé kíkọ̀ ló ṣáájú gbígbà níbẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ kó gbogbo ohun mìíràn tó ń sìn kúrò nílẹ̀, kó tó wá fi Ọ̀kan náà síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mímú nǹkan mọ́ Ọlọ́hun fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù lọ. Ẹni tó fẹ́ gba Ìsìláàmù á sọ gbólóhùn yìí pẹ̀lú òye àti ìgbàgbọ́, yóò sì wẹ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ bọ omi, kò sì dìgbà tí èrò bá pé jọ. Ẹlẹ́rìí dára kí àwọn èèyàn lè mọ̀ ọ́n sí Mùsùlùmí nígbà ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń sọ èèyàn di Mùsùlùmí.

Ibi tí a fẹ́ dúró sí díẹ̀ ni àlùwàlá, torí ẹni tí kò bá ní àlùwàlá kò nírun. Àlùkùránì, súrà karùn-ún, áyà kẹfà, dárúkọ ohun mẹ́rin: kí a fọ ojú, kí a fọ ọwọ́ dé ìgbúnwọ́, kí a fi ọwọ́ tútù pa orí, kí a sì fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Fífọ ọwọ́ níbẹ̀rẹ̀, fífi omi ṣan ẹnu, fífa omi símú àti pípa etí, súnnà ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀, ìyẹn ìṣe Ànábì tí kì í ṣe ọ̀ran-an-yàn. Ojú bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí irun orí ti hù dé àgbọ̀n, àti láti etí kan sí èkejì. Àlàfo kékeré tó wà láàárín etí àti irùngbọ̀n wà lára ojú, ibẹ̀ sì ni omi sábà máa ń fò. Ibòmíràn tó ń gbẹ ni ẹ̀yìn ìgbúnwọ́, àlàfo ìka ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀. Ànábì rí àwọn kan tí gìgísẹ̀ wọn gbẹ lẹ́yìn àlùwàlá, ó ní: ègbé ni fún àwọn gìgísẹ̀ nínú iná. Gbogbo ohun tó bá bo awọ ara tí kò jẹ́ kí omi kàn án ló ń ba àlùwàlá jẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀dà èékánná, ìda tàbí gọ́ọ̀mù. Làálì ò ní wàhálà ní tirẹ̀, torí àwọ̀ lásán ló fi sílẹ̀, kò ní èèpo.

Ní ti orí, àwọn onímọ̀ àgbà tí ìlànà òfin ẹ̀sìn ti ọ̀dọ̀ wọn wá ò fẹnu kò. Ìmáámù Máliki ní gbogbo orí ni ká pa, Ìmáámù Ṣáfíì ní ìwọ̀nba tí a bá ti lè pè ní pípa ti tó, ìlànà Hánáfì sì fi ìdámẹ́rin orí ṣe é. Ẹ má fi èyí bá ara yín jà nídìí omi.

Báwo wá ni omi náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Múdù kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Múdù ni ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò tóbi jù tí kò sì kéré jù, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lítà omi. Ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ tó ń da yàà títí tó fi parí ti lo ìlọ́po èyí, kò sì dájú pé gìgísẹ̀ rẹ̀ tutù. Ẹ rántí múdù yìí o, a óò tún padà bá a.

Ìrun ọ̀ran-an-yàn lójúmọ́ jẹ́ márùn-ún, rákáà (ìpín ìrun tó ní ìdúró, ìtẹ̀ríba àti ìforíkanlẹ̀) la sì fi ń kà wọ́n: Àsùbáà rákáà 2, Àyìlá 4, Àlàásárì 4, Mọ̀gàríbì 3, Ìṣáì 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17, Súrà Fátíhà, èyí tó ṣíwájú nínú Àlùkùránì, sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aago ni gbogbo èèyàn ń wò báyìí, ṣùgbọ́n òòrùn ló ni àkókò náà. Ẹ gbé ọ̀pá kan nàró síta gbangba. Òjìji rẹ̀ á máa kúrú bọ̀ láti àárọ̀. Ìgbà tó bá dẹ́kun kíkúrú tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, Àyìlá ti wọlé. Nígbà tí òjìji bá fi gígùn ọ̀pá náà kún èyí tó kù nílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, Àlàásárì wọlé. Ìyẹn ni pé bí ọ̀pá bá gùn ní mítà 1, tí òjìji tó kéré jù sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, a óò dúró títí yóò fi di mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹni tó gbàgbé 20 yẹn ti kí Àlàásárì kó tó wọlé. Ìlànà Hánáfì tilẹ̀ ń dúró di ìlọ́po méjì gígùn ọ̀pá. Mọ̀gàríbì ń wọlé bí òòrùn bá ti wọ̀ tán, Ìṣáì nígbà tí pupa ojú ọ̀run bá ti parẹ́. Àsùbáà ṣòroó mọ̀ díẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ máa ń nàró gbọọrọ lójú ọ̀run, ó sì tún ń pòórá; ẹ̀tàn ni. Èyí tó bá tẹ́ rẹrẹ gba ẹsẹ̀ ọ̀run lòdodo.

Nínú ìrun fúnra rẹ̀, kánjúkánjú ni àrùn tó wọ́pọ̀ jù. Ọkùnrin kan kírun lójú Ànábì, ó wá kí i, Ànábì sì ní: padà lọ kírun, torí o ò tíì kírun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọkùnrin náà tó ní kí wọ́n kọ́ òun. Ohun tí Ànábì kọ́ ọ ni pé kó ní ìfarabalẹ̀ nínú rúkúù (ìtẹ̀ríba), kó dìde kó dúró ṣanṣan, kó ní ìfarabalẹ̀ nínú ìforíkanlẹ̀, kó jókòó dáadáa kó tó padà sí èkejì. Egungun méje ni a fi ń forí kanlẹ̀: iwájú orí pẹ̀lú imú, ọwọ́ méjèèjì, orúnkún méjèèjì àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tó wà ní sàfù (ìlà) iwájú lọ́jọ́ kan, ẹ óò rí ẹsẹ̀ tó ń fò lókè bí ìyẹ́. Ẹni tí kò bá rántí bóyá rákáà mẹ́ta lòun kí tàbí mẹ́rin, kó mú mẹ́ta tó dá a lójú, kó fi ọ̀kan kún un, kó sì forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ìgbàgbé. Kó má dá ìrun náà nù.

Sàká ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, bóyá torí pé owó ni. Sàráà yàtọ̀, sàká yàtọ̀. Sàráà, iye tó wù ọ́ nígbà tó wù ọ́. Sàká ní ìwọ̀n tí owó gbọ́dọ̀ dé, tí a ń pè ní nísáàbù: dínárì 20 fún wúrà, tí àwọn onímọ̀ òde òní ṣírò sí gíráàmù 85, tàbí dírámù 200 fún fàdákà, bíi gíráàmù 595. Bí owó bá pé ìwọ̀n yìí, tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni, ìdá kan nínú 40 ni a óò yọ. Ẹni tó ní ohun tó tó wúrà gíráàmù 400 á yọ gíráàmù 10. Oníṣòwò á ka ọjà rẹ̀ ní iye tí yóò tà á lọ́jọ́ náà, kì í ṣe iye tó rà á, yóò fi owó ọwọ́ rẹ̀ kún un. Kò ní ka pẹpẹ, òṣùwọ̀n tàbí ọkọ̀ tó fi ń kẹ́rù mọ́ ọn, torí wọn kì í ṣe ọjà títà.

Ọdún tí a ń sọ yìí, ọdún òṣùpá ni, bí ọjọ́ 354. Ẹni tó ń fi kàlẹ́ńdà oòrùn ṣírò ń fi bí ọjọ́ 11 sílẹ̀ lọ́dọọdún. Tó bá fi máa di ọdún 33, ó ti jẹ gbèsè sàká odidi ọdún kan láìmọ̀. Irè oko ò ní ọdún ní tirẹ̀, ọjọ́ ìkórè ni: ìdá kan nínú 10 bó bá jẹ́ òjò ló bomi rin ín, ìdá kan nínú 20 bó bá jẹ́ pé èèyàn ló ṣe wàhálà omi. Nísáàbù irè oko jẹ́ sáà 300, sáà kan sì jẹ́ múdù mẹ́rin. Ọwọ́ tí a fi bomi àlùwàlá náà la fi ń wọn ọkà.

Irú èèyàn mẹ́jọ ni súrà kẹsàn-án, áyà 60, dárúkọ fún gbígba sàká, lára wọn ni tálákà, onígbèsè àti arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́. Ẹni tó yọ sàká fún bàbá, ìyá tàbí ọmọ tirẹ̀ tó jẹ́ tálákà kò tíì yọ nǹkan kan, torí àtijẹ wọn ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò sì gbà kí a fi sàká kọ́ mọ́ṣáláṣí.

Ààwẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lójú pọ̀. Láti ìgbà tí àfẹ̀mọ́jú òdodo bá là títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, kò sí jíjẹ, kò sí mímu, kò sí ìbálòpọ̀, fún ọjọ́ 29 tàbí 30. Aláìsàn àti arìnrìn-àjò lè jẹun, wọ́n á san án padà. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kò ní gbààwẹ̀, kò sì ní kírun. Ààwẹ̀ ni yóò san, kì í san ìrun. Èébì tó gbé èèyàn fúnra rẹ̀ kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, èyí tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fà ló ń bà á jẹ́. Arúgbó tí kò lè gbà á mọ́ á bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, múdù kan lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀. Sàká ìtúnu ààwẹ̀ jẹ́ múdù mẹ́rin oúnjẹ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, tó fi mọ́ ìkókó. Kí ó dé ọwọ́ aláìní kí wọ́n tó kírun ọdún. Bí ìrun bá ti kọjá, sàráà ló dà.

Háàjì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láyé fún ẹni tó bá lágbára rẹ̀, ọjọ́ kẹjọ sí ìkẹtàlá Súlì-Híjà, oṣù kejìlá ọdún òṣùpá, sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣírò ló ń da àwọn èèyàn láàmú níbẹ̀. Yíyí Kábà, ilé mímọ́ tó wà ní Mẹ́kà, po jẹ́ ìgbà méje. Lílọ bíbọ̀ láàárín Sáfà àti Máríwà, òkè kékeré méjì nítòsí rẹ̀, náà jẹ́ méje, ṣùgbọ́n lílọ jẹ́ ọ̀kan, bíbọ̀ jẹ́ èkejì, nítorí náà Máríwà ni a ń parí sí. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ ní Sáfà nígbà tó pé méje ti ṣi kíkà, ọ̀pọ̀ sì ti rin mẹ́rìnlá láìnídìí. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń jù lu àwọn òpó ní Mínà, ibùdó kan nítòsí Mẹ́kà, jẹ́ 49 fún ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá, 70 fún ẹni tó bá dúró di ọjọ́ kẹtàlá.

Èyí tí kò ní àtúnṣe nínú gbogbo rẹ̀ ni dídúró ní Árafà, pápá kan lẹ́yìn ìlú Mẹ́kà, lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ànábì ní Árafà ni Háàjì. Mọ́ṣáláṣí Námírà wà létí ààlà ibẹ̀ gan-an: apá iwájú rẹ̀ bọ́ sí àfonífojì Úránà, tí kì í ṣe ara Árafà, apá ẹ̀yìn ló wà nínú. Ẹni tó bá tẹ́ ẹní síwájú, tó jókòó pa síbẹ̀, tó sì gba ibẹ̀ kúrò láì wọ Árafà rárá, kò ṣe Háàjì lọ́dún náà. Àmì tó ń fi ààlà hàn wà níbẹ̀. Kó wò ó kó tó jókòó.

Àwa olùkọ́ ilé kéwú tí ń ka ìwé ìròyìn yín.