Oúnjẹ Ìlú Òkú

Matsue, Jàpáànù
Ọjọ́ 17, Oṣù Kẹjọ

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé ńkọ́? Màmá rẹ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rí ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ tó o kó pọ̀ mọ́ ọn. Èyí tó kọ ọ́ pé, "Àǹtí, ìtàn yín dùn, àmọ́ ìparí rẹ̀ ò dáa rárá," bá mi kí i gan-an. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹjọ́ yín yé mi. Mio, ọmọ ọdún 14, rìn rìn rìn títí ó fi wọ ìlú òkú lọ mú ìyá rẹ̀, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. O ní ọmọ kan ò bá ẹ sọ̀rọ̀ ní odidi ọjọ́ kan nítorí ẹ̀. O wá ní kí n jẹ́ kí ìyá náà tẹ̀ lé e wálé, pé ìtàn ṣáà ni.

Kò ṣeé ṣe, Àdùkẹ́. Ìtàn àwọn baba ńlá àwọn ará Jàpáànù tí mo gbé tèmi kà ò gbà á. Inú Kojiki ló wà, ìwé tí wọ́n kọ parí lọ́dún 712. Izanagi àti Izanami ni tọkọtaya tó bí àwọn erékùṣù Jàpáànù. Ibi tí Izanami ti ń bí òrìṣà iná ni iná ti jó o pa. Ọkọ ò gbà. Ó wá a lọ sí Yomi, ìlú àwọn òkú, ó ní kí wọ́n jọ padà sílé, iṣẹ́ àwọn ò tíì parí. Ìyàwó dá a lóhùn pé, o ò tètè dé. Mo ti jẹun níbí.

Ẹni tó bá ti jẹ oúnjẹ Yomi ti di ará Yomi nìyẹn. Síbẹ̀, ó ní òun á lọ bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ kí ọkọ òun má wo òun o. Ọkọ dúró dúró, ó sú u. Ó ṣẹ́ eyín kan lára òòyà tó wà lórí rẹ̀, ó tanná ràn án, ó wọlé. Ìdin ló ń rìn kiri lára ìyàwó rẹ̀.

O kúkú mọ ohun tí mo rántí. Nígbà tí Màmá mi kú, tí owó ọkọ̀ òfuurufú ò sí, tí ọmọ bàbá mi kan fi fídíò ibi tí wọ́n tẹ́ wọn sí ránṣẹ́, ìwọ lo pè mí pé, "Má wò ó o. Jọ̀ọ́." Aago mẹ́ta òru ni mo tẹ̀ ẹ́. Òwú wà nímú wọn. Gèlè aró wọn yẹn ni wọ́n fi wé wọn lórí, wọ́n sì wé e sódì. Màmá ì bá bá wọn jà. Ọdún kejì rèé, bí mo bá ní kí n rántí ojú wọn nídìí àdìrẹ, tiwọn pẹ̀lú òwú yẹn ló ń kọ́kọ́ yọ.

Inú Izanami ò dùn. Ó ní ọkọ òun dójú ti òun, ó lé e. Ìyẹn sá, ó ju èso píṣì mẹ́ta lu àwọn tó ń lé e, ó sì yí àpáta dí ọ̀nà, àpáta tó gba 1,000 èèyàn kó tó mira. Ẹ̀yìn àpáta yẹn ni wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìyàwó ní, èmi á máa pa 1,000 nínú àwọn èèyàn rẹ lójúmọ́. Ọkọ ní, tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi á máa kọ́ ilé ìbímọ 1,500 lójúmọ́. Àwọn olùkọ́ níbí ní bí ikú àti ìbí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dáa. Ìjà tọkọtaya tí wọ́n ṣì fẹ́ràn ara wọn ni etí tèmi gbọ́.

Wọ́n ní ojú ibi tí wọ́n ti yí àpáta dí ọ̀nà yẹn wà títí dòní, kò sì jìnnà sí mi. O máa sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Iya, o máa fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Òpó òkúta méjì tí wọ́n fi okùn so pọ̀ ni, àwọn àpáta ńlá sì wà lẹ́yìn wọn. Kò bani lẹ́rù rárá. Ẹ̀fọn ló kún ibẹ̀. Wọ́n gbé àpótí kan síbẹ̀ tí èèyàn lè fi lẹ́tà sí fún òkú rẹ̀. Mo mú bírò dání, mo mú bébà, n ò sì kọ nǹkan kan. Màmá ò mọ̀wé kà. Ta ló máa bá mi kà á fún wọn lọ́hùn-ún?

Ibi tí mo dúró sí ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti sọ sí mi lọ́kàn, nínú fídíò kan náà yẹn: "Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ bá wọn jẹ." Àdùkẹ́, orí mi wú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sunkún pé kí wọ́n padà wá, ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí wọ́n jókòó jẹun.

Ìdí tí Mio fi gbé oúnjẹ dání nìyẹn, ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ dì, tí èso kíkan oníyọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má baà jẹ tọ̀hún. Ó dé, ó bá ìyá tó ń nu ẹnu. Ó gbé iná fóònù sókè, ó tún pa á. Inú òkùnkùn yẹn ló ti bi í pé, "Ṣé oúnjẹ wọn dùn?" Ìyá ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ò tó." Ṣé ẹ ò rí ibẹ̀ ni? Ẹ ń sáré wá ìparí! Ibẹ̀ ló parí sí, ojú ọ̀nà ilé ló kù.

Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 16 ni ọdún Obon, tí àwọn òkú ń wá kí ará ilé. Màmá àgbà tó wà ní yàrá kejì fi igi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin sára kùkúḿbà, ó di ẹṣin. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sára ikàn aláwọ̀ àlùkò, ìyẹn di màlúù. Ẹṣin ni òkú máa gùn wá, kó lè yá. Màlúù ló máa gùn padà, kó má baà tètè lọ. Ó já ikàn kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ṣe ti ìyá mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan kúrú, ó fì sápá kan bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò. Mo gbé e sójú fèrèsé ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nítorí náà, sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé mo gba ẹ̀bẹ̀ dé àyè kan. Orí kan ni màá fi kún un: ìyá Mio máa wá lóṣù Kẹjọ, ó sì máa padà. Ibi tí mo há sí ni pé n ò mọ̀ bóyá kí ọmọ náà rí i, àbí kó kàn máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ màlúù tó tiro, tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bi wọ́n léèrè fún mi. Ẹni tí kò bá ẹ sọ̀rọ̀ yẹn ni kó o kọ́kọ́ bi.

Èmi ni,
Bísí rẹ