Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: kéèkì tó jọ iyán

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà tí àwòrán kéèkì iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wa ti ń káàkiri lórí WhatsApp ni fóònù mi kò ti sinmi. Ìbéèrè méjì ló ń wọlé jù: ṣé kéèkì ni lóòótọ́, àti kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Kéèkì ni. Ti owó ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ẹnìkan ní kí n lọ wo iye tí wọ́n ń ta iyán gidi ní Ọjà Ọba níbí l'Àkúrẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tó wà nínú tèmi.

Fúláwà, bọ́tà, ṣúgà àti ẹyin ló wà nínú "iyán" náà. Mo máa ń yan án sílẹ̀ kó sùn mọ́jú kí n tó gbẹ́ ẹ, torí kéèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò a máa rún bí èèyàn bá fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Fọ́ńdáńtì funfun ni mo fi ń bò ó, ìyẹn ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí a pò títí tó fi ń fà. Ibí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fọ́ńdáńtì fẹ́ dán gbọnrangandan, iyán kì í sì í dán bẹ́ẹ̀. Mo ní láti fi bọ́tà ra àtẹ́lẹwọ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí bí èyí tí ìyàwó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọrí odó gún, tó sì kó sínú abọ́.

Ẹ̀gúsí rọrùn: èyí tó kù nínú kéèkì tí mo gbẹ́ ni mo ń rún mọ́ bọ́tà, ṣúgà àti àwọ̀. Epo tó ń yọ lójú ọbẹ̀, jáàmù tí mo mú gbóná ni. Ẹ̀fọ́, fọ́ńdáńtì aláwọ̀ ewé tí mo tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí mo sì fi ọwọ́ ya. Àmọ́ pọ̀nmọ́! Pọ̀nmọ́ nìkan lè gba wákàtí kan, torí ará Àkúrẹ́ mọ pọ̀nmọ́ lójú. Bí etí rẹ̀ kò bá ká sókè, ẹ ó ní irọ́ ni.

Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá wa. Lásìkò òjò, fọ́ńdáńtì a máa làágùn. Bí ẹ bá sì gbé e láti inú fíríìjì bọ́ sínú ooru, omi á bò ó lójú, iyán á di ẹ̀kọ. Ẹ fi sí yàrá tó tutù, kúrò lójú oòrùn. Ẹ má sì fi ọ̀kadà gbé e láti Alágbàká lọ Ọba-Ilé. Wọ́n ti ṣe é rí, mo rí àwòrán rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, gẹlátìn, ìyẹn ohun tí wọ́n ń yọ lára awọ àti egungun ẹran, sábà máa ń wà nínú fọ́ńdáńtì, òmíràn sì wà tó jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ti màlúù ni mo ń rà, mo sì lè fi ike rẹ̀ hàn yín.

Ẹ tún jẹ́ kí àwọn àgbà mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ kan gbé e síwájú bàbá wọn tó pé ọdún 70, wọ́n pa ẹnu mọ́, wọ́n gbé fóònù sókè. Bàbá ṣanwọ́, wọ́n gé òkèlè, wọ́n fi kó ọbẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló fi ṣúgà gún iyán?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi bàbá. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń retí oúnjẹ, kò sì sí iyán mìíràn nínú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gún gidi sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ni kí ẹ sọ fún wa, pẹ̀lú ìdajì owó. Abọ́ tánganran tí a fi ń gbé e kò sí lára ohun tí ẹ rà. Mẹ́ta ṣì wà níta báyìí, ẹ̀yin tó wà lọ́wọ́ yín sì mọ ara yín.

Ìyá Oníkéèkì, Arákàlẹ̀