Sí Àjọkẹ́, kí o tó lọ sí erékùṣù Príncipe

Ilé-Ifẹ̀.

Àjọkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù pé ẹ ti sanwó ìrìn àjò Príncipe, àti pé oṣù Ọ̀pẹ ni ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa lọ. Inú mi dùn gan-an ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń lọ ra ọjà ní Dubai, ìwọ ní igbó àti òkun lo fẹ́ lọ wò. Ọmọ tí mo bí ni lóòótọ́. Bàbá rẹ náà ń yọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì yé wọn bí ènìyàn ṣe ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wo igbó nígbà tí oko kòkó àwọn wà ní Ìfẹ̀tẹ̀dó.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ojú ni kí o fi wo ohun gbogbo tí o bá bá níbẹ̀, má fọwọ́ kàn án, má sì mú un bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, wàá béèrè ìdí rẹ̀, ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi máa gùn.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí odídẹrẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé inú ilé wa. Bàbá àgbà ní Mọ̀ọ̀rẹ̀ ti gbọ́ pé odídẹrẹ́ pọ̀ ní Príncipe. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi pé kí o bá àwọn mú ìkóóde bọ̀, àti pé bí ọ̀nà bá là, kí o ra ọmọ odídẹrẹ́ kan. Má ṣe é. O mọ bí mo ṣe bọ̀wọ̀ fún bàbá tó, o sì mọ iyì tí ìkóóde ní nílùú wa lọ́dọ̀ ọba àti lọ́dọ̀ awo. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ni ìkóóde yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọ̀pọ̀ igbó. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ tó lọ wá a kiri rí i pé láti ọdún 1992, nínú gbogbo 100 odídẹrẹ́ tó wà níbẹ̀, 90 sí 99 ti lọ. Wọ́n ń gé àwọn igi ńlá tí ẹyẹ náà ń yé ẹyin sínú ihò wọn, wọ́n sì ń gun igi tó kù lọ kó ọmọ ẹyẹ tà fún àwọn tó fẹ́ ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ẹyẹ tó jẹ́ pé ó ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin, báwo ni yóò ṣe bí èyí tí yóò dípò àwọn tí wọ́n kó lọ?

Ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó tó wà nínú ewu, gbé odídẹrẹ́ sí ìpele tó le jù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi èyí tí wọ́n mú nínú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́, òfin náà sì ká ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, bí o bá tilẹ̀ rí ìkóóde nílẹ̀ lábẹ́ igi, fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ní ti bàbá, má da ara rẹ láàmú. Èmi fúnra mi á lọ sí Mọ̀ọ̀rẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá ṣàlàyé fún wọn. Àgbà tó mọ iyì ìkóóde yẹ kó lè gbọ́ pé ẹyẹ tó ni í ń tán lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi ni pé kí o tètè jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí o jókòó sí ibi tí ojú ti lè rí orí igi, kí o sì máa retí wọn. Ọ̀wọ̀ọ́wọ́ ni wọ́n ń fò, wọ́n á máa súfèé, wọ́n á máa pariwo. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń dúró ní Fásitì ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, tí ẹ̀ ń wo àwọn àdán bí wọ́n ṣe ń gbéra lórí igi tí ojú ọ̀run ń ṣú? Kò sẹ́ni tó mú ọ̀kankan nínú wọn fún yín, síbẹ̀ ẹ kò fẹ́ wálé.

Ọkùnrin kan wà ní Príncipe tí mo fẹ́ kí o béèrè ìtàn rẹ̀. Ceciliano do Bom Jesus ni orúkọ rẹ̀, Bikegila ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó máa kó ọmọ odídẹrẹ́ nínú igbó. Ó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ó di ẹ̀ṣọ́ igbó ọba tí wọ́n dá sí níbẹ̀. Òun ló bá àwọn onímọ̀ wọ igbó gúúsù erékùṣù náà, níbi tí òwìwí kékeré kan ń gbé tí kò sí níbòmíràn láyé. Ní 2022 ni wọ́n kéde òwìwí yẹn, orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n sì fi sọ ọ́: Otus bikegila. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, mi ò sì tíì gbọ́ ìtàn tó wú mi lórí tó o.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òwìwí níbí. Bó bá ké lórí òrùlé, àdúrà ni, òkò ni. Bí amọ̀nà bá mú yín lọ gbọ́ igbe rẹ̀, jọ̀ọ́, fi ọ̀rọ̀ ẹyẹ àjẹ́ sílẹ̀ sí Ifẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló ń bẹ̀rẹ̀. Igbe rẹ̀ kúrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì sì máa ń ké sí ara wọn. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú.

Má sì ná owó amọ̀nà bí ẹni ń ná ẹ̀wà ní Odò-Ògbè. San án pé, kí o fi nǹkan lé e. Ẹni tó ń rí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ nínú pé ẹranko wà láàyè kò ní jẹ́ kí wọ́n pa á.

Ìjàpá òkun ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ fún jù lọ. Láti oṣù Bélú títí dé oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n ń gòkè wá yé ẹyin, nítorí náà àsìkò tí ẹ mú dára. (Àbùùbùtán ni ẹ kò ní rí, oṣù Agẹmọ sí oṣù Ọ̀wàrà ni tirẹ̀.) Praia Grande wà lára àwọn etíkun tí wọ́n ń gòkè sí, àwọn ènìyàn Fundação Príncipe, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko níbẹ̀, sì ń bójú tó wọn. Ẹ má dá lọ lóru. Ìyá ìjàpá tí ẹ máa rí yẹn, agbègbè ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti jáde nínú ẹyin ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ó ti la òkun já, ó sì mọ ọ̀nà padà.

Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tinú omi bọ̀, ẹ dúró gbári, ẹ pa gbogbo iná, títí kan ti fóònù. Bó bá rí iná tàbí tó bá rí i tí ènìyàn ń rìn, ó lè yí padà sínú omi pẹ̀lú ẹyin nínú. Bó bá ti gbẹ́ kòtò tán tí ẹyin ń bọ́, amọ̀nà lè ní kí ẹ sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn pẹ̀lú iná pupa. Ó lè yé tó 100 lẹ́ẹ̀kan, yóò bo kòtò, yóò sì lọ. Lẹ́yìn bí oṣù méjì ni ọmọ ń jáde. Iyanrìn ló ń pinnu akọ àti abo: èyí tó gbóná ń mú abo jáde, èyí tó tutù ń mú akọ. Bí ayé ṣe ń gbóná sí i yìí, mo máa ń ronú nípa àwọn akọ yẹn.

Bí ẹ bá bá àwọn ọmọ tó ń jáde, ọwọ́ á máa yún ọ láti gbé wọn dé inú omi. Fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn. Ibi tó mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń lọ, òkun ló sì yẹ kó mọ́lẹ̀ jù lójú wọn. Tọ́ọ̀ṣì yín lè ṣì wọ́n lọ́nà sínú igbó. Bí ẹnikẹ́ni ní São Tomé, erékùṣù ńlá tó jẹ́ orílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú Príncipe, bá sì fi ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí ìyarun tí wọ́n fi karawun ìjàpá òkun ṣe lọ̀ ọ́, má rà á. Láti 2014 ni òfin wọn ti ka pípa á àti títà á léèwọ̀.

Òkun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Etí odò Ọ̀pa lo dàgbà sí, Àjọkẹ́, kì í ṣe etí òkun. Má lúwẹ̀ẹ́ níbi tí àwọn ará ibẹ̀ kì í ti í lúwẹ̀ẹ́. Bí omi bá ń fà ọ́ lọ sínú, má bá a jà, má kọjú sí ilẹ̀. Máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí o máa bá etíkun lọ ní ìbú títí agbára omi náà yóò fi dẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí o wá dojú kọ ilẹ̀. Àárẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kú sínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, àní bí àwọn yòókù bá ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Òjò á máa rọ̀ lásìkò yẹn, mú bàtà tó ń di ilẹ̀ mú dání. Ibà wà lórílẹ̀-èdè náà, nítorí náà mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti oògùn tí dókítà bá kọ. Bí ẹ bá sì rìn nínú igbó ní São Tomé kí ẹ tó kọjá, ẹ máa wo ibi tí ẹ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé: ejò dúdú olóró kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cobra preta.

Iṣẹ́ tí bàbá rẹ rán nìyí. Láti Brazil ni kòkó ti dé Príncipe ní nǹkan bí ọdún 1822, ibẹ̀ sì wà lára ibi tó gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Wọ́n ní kí o wo bí wọ́n ṣe ń bo kòkó àti bí wọ́n ṣe ń sá a, kí o ya fọ́tò rẹ̀ wá. Èmi fi tèmi kún un: bí o bá dé àwọn oko ńlá tí wọ́n ń pè ní roça, má wo ilé ọ̀gá nìkan. Béèrè ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Àǹgólà, tí ìyà tó jẹ wọ́n kò yàtọ̀ sí ti ẹrú, débi pé ní 1909 Cadbury àti àwọn oníṣòwò ṣokoléètì mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti ra kòkó ibẹ̀ mọ́. Igbó tí ẹ máa rí ní ọ̀pọ̀ ibi, orí oko àwọn ènìyàn yẹn ló ti padà hù.

Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú? Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 kí káàdì yẹ́lò rẹ tó ṣiṣẹ́. Ya fọ́tò káàdì náà ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Bí o kò bá tíì gbà á, pè mí lálẹ́ òní.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.