Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ wa tó gba sikọ́láṣíìpù, tí ẹ sì fẹ́ wọ iṣẹ́ ọba

Iléṣà

Ẹ̀yin ọmọ wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú oríire. Gbogbo ọmọ tó jókòó ṣe ìdánwò sikọ́láṣíìpù kọ́ ló ń rí i gbà, ẹ̀yin tí ẹ sì rí i gbà, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ẹ ti fi ọpọlọ pípé ṣe ohun tí àwọn òbí púpọ̀ kò rí owó ṣe fún ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn kan nínú yín ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn kan náà lẹ́nu yín, pé ìjọba gbà yín síṣẹ́, ó fi yín sí Lẹ́fẹ̀lì 8 (lẹ́fẹ̀lì ni ipele owó oṣù nínú iṣẹ́ ọba), ẹni tí kò gba sikọ́láṣíìpù rí náà sì wà ní Lẹ́fẹ̀lì 8, tí owó oṣù yín dọ́gba. Ẹ ní ìrẹ́jẹ ni. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó nídìí fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì kò rí i bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Nínú iṣẹ́ ọba, ipò tí a fi ènìyàn sí ló ń gba owó. Láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ ti jábọ̀ ní ọdún 1974 ni a ti kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sórí ìlànà kan náà, láti Lẹ́fẹ̀lì 1 dé 17. Ẹni tó ní dìgírì, tó sì ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, Lẹ́fẹ̀lì 8 ni ó sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Sikọ́láṣíìpù kò gbé e kúrò níbẹ̀, nítorí pé owó ilé ẹ̀kọ́ ni sikọ́láṣíìpù san, ó sì ti san án tán. Ọjọ́ tí a bá gbà kí olúkúlùkù máa dúnàá-dúrà owó oṣù rẹ̀ bí ẹni ń ra gààrí ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ọmọ tálákà tí kò mọ ẹnì kankan ní ọ́fíìsì ni yóò kọ́kọ́ pàdánù, àwọn ọmọ tálákà ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀yin tí ẹ gba ìrànwọ́ yìí.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò ni bóyá ibi tí wọ́n fi yín sí tọ́ sí yín. Àtẹ owó oṣù ìjọba kì í ṣe ẹyọ kan. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba owó lórí èyí tí wọ́n ń pè ní CONPSS, dókítà wà lórí CONMESS, olùkọ́ yunifásítì sì wà lórí CONUASS. Nítorí náà, bí ẹni méjì bá jáde ní yunifásítì Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀kan dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí èkejì sì wọ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo, kò sí ìdí fún wọn láti máa fi owó wé ara wọn. Ẹ béèrè àtẹ tí ẹ wà, ẹ béèrè lẹ́fẹ̀lì, ẹ sì béèrè sìtẹ́ẹ̀pù pẹ̀lú, ìyẹn àkàsọ̀ owó tó wà nínú lẹ́fẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Orí sìtẹ́ẹ̀pù yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń sun oorun àsùnpiyè. Òfin iṣẹ́ ọba fi àyè sílẹ̀ pé a lè tìtorí ìrírí iṣẹ́ tó bá ipò náà mu fi sìtẹ́ẹ̀pù kún ti ènìyàn nígbà tí a bá ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ lẹ́tà béèrè, kò sẹ́ni tí yóò rántí rẹ̀. (Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín lọ́jọ́ iwájú pé òun fò láti 10 sí 12 nítorí òye òun, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sí ẹni tó wà ní Lẹ́fẹ̀lì 11. Gbogbo wa la fò ó.)

Nípa pé owó náà kéré, mo fara mọ́ ọn pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 ti ọdún 2019, ó di ₦70,000 ní ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa sì fẹnu kò sí ₦75,000. Ní ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦77,000 fún àwọn àgùnbánirọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti ìsàlẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì, ti àwọn tó wà lókè kò lọ sókè tó bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ kò fi rí ìyàtọ̀ tó ń retí. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ẹjọ́ yín sí, ẹ má gbé e sórí ẹlẹgbẹ́ yín tó jókòó ní tábìlì kejì. Òfin ọdún 2024 ní kí a máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó náà ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kì í tún ṣe márùn-ún-márùn-ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ máa lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, kí ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń bá ìjọba sọ fún àwọn lẹ́fẹ̀lì òkè.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé gbogbo iye tó wà lórí ìwé ni yóò máa wọlé lóṣooṣù. Láti ọdún 2015 títí di 2018 ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ẹni tó wà ní Lẹ́fẹ̀lì 7 sí ìsàlẹ̀ ń gba owó rẹ̀ pé, ẹni tó wà ní 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn 12 sókè sì ń gba ààbọ̀. Lẹ́fẹ̀lì 8 tí ẹ fẹ́ wọ̀ yìí ni gígé náà ti bẹ̀rẹ̀. Kódà nígbà tí nǹkan bá dára, owó oṣù àkọ́kọ́ lè pẹ́ kí ó tó jáde, torí pé orúkọ yín ní láti wọ ìwé ìsanwó ná. Ẹ má ṣe torí pé àríà, ìyẹn owó oṣù tó ti kọjá tí wọn kò tíì san, ń bọ̀ kí ẹ lọ ra ọjà àwìn kálẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá; ìran Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò tó ń lóṣòó gba owó ọjà àwìn wọn, kì í ṣe ẹni tí a ń kọ́ ní bí a ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè.

Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, wọn yóò máa yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó yín, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ yóò sì fi mẹ́wàá kún un. Ẹ tètè ṣí àkáǹtì rẹ̀.

Bí sikọ́láṣíìpù yín bá ní ìwé àdéhùn nínú, pé ẹ ó sin ìjọba tàbí ìlú fún iye ọdún kan, ẹ tún un kà. Bí owó tó dára jù bá yọ níbòmíràn, èmi kò ní kí ẹ má lọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ bá àwọn tó rán yín nílé ìwé, kí ẹ san èyí tó bá yẹ ní sísan, kí ẹ sì gba ìwé ìtúsílẹ̀. Mo mọ ètò ìrànwọ́ kan tó kú pátápátá nítorí àwọn tó jápa láìdágbére, àwọn àbúrò wọn ló sì jìyà rẹ̀.

Láti 7 dé 14, ọdún mẹ́ta ló kéré jù kí ènìyàn tó lè kúrò ní lẹ́fẹ̀lì kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 8, bí ó bá yege nínú gbogbo ìdánwò, tí àyè sì ṣí sílẹ̀, yóò tó ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó dé 12. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bí ó bá gùn jù lójú yín, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ òun kí ó tó dá èsì padà, mo máa ń wà nílé ní ọjọ́ Sátidé. Kí ó mú ìwé náà gan-an wá, kí ó má mú fọ́tò inú fóònù wá, nítorí ojú mi kò lè ka sìtẹ́ẹ̀pù nínú rẹ̀.

Èmi ni bàbá yín,
òṣìṣẹ́ ọba tó ti fẹ̀yìn tì