Àwọn Ọmọ Wa Ń Lọ Sí Igbó ní Sátidé

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago méje àárọ̀ Sátidé la ó kó àwọn ọmọ ọdún 10 sí 15 lọ sí igbó ẹ̀yìn Òmù-Àrán. Wọn ó fọwọ́ ara wọn ṣẹ́gi, wọn ó dáná, wọn ó mọ igi òrí yàtọ̀ sí igi irú. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọbìnrin kan tí kì í lanu ní kíláàsì ṣá ìṣáná mẹ́fà, iná kọ̀. Ìkeje ló ràn, ló bá fariwo ta! Ní 1993 ni àwọn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wo irú ẹ̀kọ́ inú igbó yìí ní Denmark (àwọn ọdẹ wa ò kúkú dúró dè wọ́n kí wọ́n tó máa kọ́ ọmọ nínú igbó). Ẹ wọ àwọn ọmọ ní bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn. Kí wọ́n má mú fóònù lọ o! Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń lo oògùn, kó tètè sọ fún akọ̀wé kó tó di Ọjọ́bọ̀.