Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Àwọn Tírélà Iwájú Géètì Wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ àwọn ọmọ wa,

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ sì kú làálàá. Sáà kejì ti parí. Káàdì èsì ìdánwò wà nínú báàgì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Àwọn SS3 ti ṣe mọ́ọ̀kì tiwọn. Ìṣirò wọn gbé pẹ́ẹ́lí ju ti sáà àkọ́kọ́ lọ. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ wọn yóò sì bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tó gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ mi ni ti súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n ṣí sí òdìkejì títì. Láti ìgbà tó ti ṣí ni fóònù mi kò ti sinmi. Àwọn òbí ń pè nípa ariwo, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ̀wé pé àwọn kò rí oorun ìdájí sùn mọ́, àwọn kan sì ní kí ilé-ìwé bá àwọn fọwọ́ sí ìwé pé kí ìjọba tì í pa. N kò fọwọ́ sí ìyẹn. Àwọn kan nínú yín ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ yín ló sì ń gbé láílọ́ọ̀nù wọn wá sí ìpàdé òbí. Èmi náà ti ra búrẹ́dì wọn, kò burú. Ọjà kọ́ ni mo ń bá jà, àkókò tí wọ́n ń já ẹrù ni.

Nígbà tí èmi, alága PTA àti akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé lọ bá máníjà wọn, ó là á yé wa ìdí tó fi jẹ́ pé òwúrọ̀ gan-an ni àwọn tírélà máa ń kún ibí. Èkó ni ọ̀pọ̀ ẹrù wọn ti ń wá. Láti 2012 ni òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ pé tírélà kò gbọ́dọ̀ rìn láàárín ìgboro láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́, àyàfi ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì elérò gígùn. Nítorí náà, òru ni awakọ̀ ń gbéra. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 127 lọ, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, wọ́n ti dé, wọ́n á sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa títí súpámákẹ́ẹ̀tì yóò fi ṣí géètì fún wọn. Òfin tó jẹ́ kí ọmọ Èkó rí ọ̀nà kọjá ló ń da tírélà sórí ọmọ Ìbàdàn láago méje. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín.

Ọkọ̀ tó gbé ẹja àti adìyẹ oníyìnyín kì í pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹrù má baà yọ́. Bí tírélà bá tún fẹ́ fi ẹ̀yìn wọlé, ọmọ mọ́tò á bọ́ sílẹ̀, á máa gbá ara ọkọ̀ gbàá gbàá: "Máa bọ̀, máa bọ̀, ó ku díẹ̀, dúró!" Àwọn ọkọ̀ tó há sẹ́yìn á sì dì mọ́ họ́ọ̀nù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà JSS2B lọ́jọ́ kan nígbà tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àpèkọ fún wọn. Ó ka gbólóhùn kan, tírélà gbé ìdajì rẹ̀ lọ. Ó tún un kà, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Àwọn tó jókòó níwájú kọ ohun tí wọ́n gbọ́, àwọn ti ẹ̀yìn wo ìwé ara wọn. Kí agogo tó lù, gbólóhùn mẹ́rin ni wọ́n rí kọ nínú mẹ́wàá. Orógbó ló kún dúrọ́ọ̀ olùkọ́ yẹn báyìí, kí ohùn rẹ̀ má baà há.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láti 1999 pé ariwo tó ń wọ inú kíláàsì kò yẹ kó ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 35 lọ nígbà ẹ̀kọ́ (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo), àti pé ohùn olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 15 ga ju ariwo náà. Ẹni tó bá ti dúró nítòsí tírélà mọ̀ pé kò sí olùkọ́ tó lè fi ọ̀fun ṣe ìyẹn. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé-ìwé kan ní Manhattan, New York, tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 1975: àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì ẹ̀gbẹ́ ojú irin rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà sí àwọn tó wà lápá ibi tó dákẹ́, nínú ilé-ìwé kan náà. Wọ́n wá fi rọ́bà sábẹ́ irin, wọ́n kan àjà tó ń fa ariwo mu, nígbà tí wọ́n sì tún wọn wò lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ ọ̀hún ti kúrò. Apá tó kẹ́yìn yìí ni mo mú lọ́kùn-únkúndùn.

Agbára wa kò tíì ká irú àjà bẹ́ẹ̀, a kò sì ní bu owó lé yín lórí nítorí rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a ti kó SS3 lọ sí ilé ẹ̀yìn nítorí WAEC, yàrá ìkàwé àti yàrá oúnjẹ ló máa bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

Máníjà náà ti gbà pé láti sáà kẹta, tírélà kankan kò ní já ẹrù láàárín aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀, àti láàárín aago kan ààbọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Kò gbà pé kí ọkọ̀ ẹja pa ẹ́ńjìnnì. A ní kó jẹ́ kí wọ́n máa dúró lẹ́yìn ilé-ìtajà wọn, ó ní wáyà iná rẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì parí. A ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí OYRTMA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ojú títì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, fún bọ́ǹpù àti àmì ilé-ìwé lójú títì.

Ṣùgbọ́n tírélà nìkan kọ́ ló ń dá sún kẹrẹ fà kẹrẹ sílẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Òbí á dá ọkọ̀ dúró sáàárín títì, á so okùn bàtà ọmọ, á tún yọ orí sí tíṣà láti ojú fèrèsé nípa owó bọ́ọ̀sì, tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fọn fèrè. Ẹlòmíràn á já ọmọ sí òdìkejì, á ní kó sáré sọdá. Lóṣù Kejìlá 2021, ní Òjòdú l'Ékòó, tírélà já wọ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rìn bọ̀ láti ilé-ìwé, ẹ̀mí sì lọ. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, láti ọjọ́ ìwọlé, géètì ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí ni gbogbo ọkọ̀ yóò máa já ọmọ sí. Yóò ṣí láago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò dúró ní kọ́nà, wọn kò ní wọlé. Iwájú wà fún ọmọ tó bá fẹsẹ̀ rìn, olùkọ́ méjì yóò sì máa fi àsíá pupa mú wọn sọdá. Ọmọ tí a bá rí tó sọdá lọ ra bisikíìtì lásìkò ìsinmi yóò pe òbí rẹ̀ wá.

Ọjọ́ ìwọlé wà lẹ́yìn káàdì. Ìpàdé PTA yóò wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwọlé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, máníjà náà sì ti ṣèlérí láti wá. Ẹni tó bá ní ìbéèrè fún un, kó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó wà lábẹ́ lẹ́tà yìí, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi rán ọmọ wá lọ́jọ́ ìwọlé. Owó sáà kẹta kò yí padà.

Èmi ni tiyín,
Pírínsípà