Lẹ́tà sí Màmá Kétu, lórí iyọ̀, omi àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Màmá Kétu,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Wọ́n ní látìgbà tí dókítà ti fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ò fojú kan iyọ̀ mọ́, ẹ sì ń mu omi lítà 5 lójúmọ́ kó lè fọ ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe aṣọ, Màmá. Iyọ̀ tí ẹ dín kù dáa: kò yẹ kó tó gíráàmù 5 lójúmọ́, Màgí inú ọbẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Omi yẹn ló ń kọ mí lóminú.

Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ló ń fa omi mọ́ra níta sẹ́ẹ̀lì. Nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, 135 sí 145 mmol (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á) ló yẹ kó jẹ́. Bí omi bá là á jù, tó já wálẹ̀, omi á wọnú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á wú. Ibòmíì nínú ara lè wú kó ráàyè, àmọ́ agbárí ò fún ọpọlọ láàyè. Ìyẹn ni orí fífọ́ àti èébì ṣe ń tètè dé.

Kíndìnrín tó dáa máa ń tọ omi tó bá pọ̀ jù dànù. Àmọ́ hydrochlorothiazide àti indapamide, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ń lé iyọ̀ jáde, wọn kì í sì í jẹ́ kí kíndìnrín rí omi lásán dà nù dáadáa. Àwọn ìyá àgbà tí ò sanra ni sódíọ̀mù wọn máa ń já wálẹ̀ jù, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́.

Kí àwọn ọmọ ilé máa wo ìrìn yín. Ẹni tí sódíọ̀mù tiẹ̀ wà ní nǹkan bí 128 lè ní ara òun le, àmọ́ bó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá ògiri, á sì tún béèrè ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Wọ́n á ní ogbó ni. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń ṣubú tí egungun ìbàdí fi ń kán. Bó bá já kọjá 125, àgàgà tó bá yára já, ọ̀rọ̀ lè dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, gìrì lè gbé e, ó lè dákú. Kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má tìtorí èyí bu iyọ̀ sẹ́nu o. Ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, iyọ̀ ara rẹ̀ lè ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, omi ló kàn bò ó mọ́lẹ̀. Omi ni wọ́n máa ń dín kù fún un. Dókítà pàápàá kì í sáré gbé sódíọ̀mù tó já sókè. Bó bá fi ohun tó ju 8 sí 10 mmol lọ gòkè láàárín wákàtí 24, ó lè ba inú ọpọlọ jẹ́, kí ọ̀rọ̀ sísọ àti ìrìn di ìṣòro.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, omi lásán ò tó. SRO, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́, sáṣẹ́ẹ̀tì kan, omi mímọ́ lítà 1 géérégé. Igo ńlá tó gba lítà kan ààbọ̀ yẹn á là á jù.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe ionogramme, ìyẹn àyẹ̀wò iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni wọ́n ń gbà. Lórí ìwé rẹ̀, ìlà Na+, ìyẹn sódíọ̀mù, ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, títí kan àgbo, torí àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ti wárápá kan náà máa ń já sódíọ̀mù wálẹ̀. Ẹ má dá ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, irú amlodipine. Ooru Kétu mú lóòótọ́, àmọ́ kó tó di ọjọ́ yẹn, bí òǹgbẹ bá ṣe gbẹ yín ni kẹ́ ẹ ṣe mu omi.

Èmi ni, ọmọ yín ní Àjàṣẹ́.